Ọmọ Tí Abọ́ Olóhùn Pa Lẹ́nu Mọ́

Ọmọ náà jáde, kò ké.

Awẹ́ró gbá a nídìí, kò ké. Ó bu omi tútù wọ́n ọn lójú, kò ké. Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó da orí rẹ̀ kodò, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ọmọ kàn la ojú sílẹ̀, ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀ bí èrò tó sọ̀ kalẹ̀ nílùú tí kò mọ̀, tí kò sì ṣetán láti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń mí. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ara rẹ̀ pọ́n bó ṣe yẹ kó pọ́n. Gbogbo nǹkan ló pé, ohùn nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ó ti tó ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí Awẹ́ró ti ń gbẹ̀bí nínú Ìlú Ihò-Òṣùpá. Ó ti gba ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé, ó ti gba èyí tó gbé ìwọ́ kọ́rùn, ó ti gba ìbejì tí wọ́n ń bá ara wọn jà dé ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù mẹ́sàn-án tó fi ń ṣọ́ oyún ọmọ tirẹ̀, àwọn agbẹ̀bí mìíràn ló ń gbẹ̀bí ìlú. Kò tíì gba èyí tó dákẹ́ tí kò sì kú.

"Kí ló dé tí kò ké?" ló bi Dókítà Fẹ̀hìntọlá.

Dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó fi dígí awonú kọ́rùn. Dígí awonú ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kọjú sí ara èèyàn tí gbogbo ohun tó wà nínú á hàn kedere, láìfi abẹ kàn án. Ó tẹ̀ síwájú, ó jẹ́ kí dígí náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sójú ọmọ.

"Màmá, ara ọmọ yìí dá ṣáṣá. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀ ni."

"Ara rẹ̀ balẹ̀? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó gbóná bọ́ síbi tó tutù, ara rẹ̀ balẹ̀? Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Ìwọ ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sínú ihò yìí. O ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awayìnyín fi ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n rò pé òrùlé ló ń ya."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ṣọlápé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà rẹ́rìn-ín. Òun gan-an kò pariwo nígbà tó ń rọbí. Ìrora mú un, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìjà aládùúgbò láti ojú fèrèsé.

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀," ni Ṣọlápé wí. "Bóyá kò rí ohun tí yóò ké sí."

Kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́: inú ikùn òṣùpá ni ìlú náà wà. Yìnyín ni wọ́n lọ wà níbẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ òfurufú tó ń ré kọjá lọ sí ọ̀nà jíjìn nílò omi. Kò sí afẹ́fẹ́ lókè, oòrùn ibẹ̀ sì lè din èèyàn bí ẹja. Nítorí náà ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ Yorùbá fi ń gbé nínú ilẹ̀ bí òkété, tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń fún gbogbo wọn léèémí. Ẹ̀rọ amúnimí ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi tó ọgbà ilé-ìwé, kì í sì í sinmi. Ọjọ́ tó bá sinmi, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ohun gbogbo fúyẹ́ níbẹ̀. Àpò ìrẹsì tí alábàárù ń gbé pẹ̀lú èémí hẹlẹhẹlẹ lórí ilẹ̀ ayé, ọmọge á fi ọwọ́ òsì gbé e. Ohun tí èèyàn bá jù sókè á pẹ́ kó tó rántí pé ilẹ̀ ni ilé òun.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà ń kùn. Ìkùn rẹ̀ kì í gba etí wọlé, inú eegun ló ń gbà. Lẹ́yìn bí ogójì ọdún, àìsàn kan bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní gbọ̀ngbọ̀n. Ìka ni yóò kọ́kọ́ máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà oorun á sá lọ, lẹ́yìn náà ni àyà á máa já láìsí ohun tó já a. Ẹni tó bá ti sun ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rí, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá létí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, yóò mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ti ibẹ̀ ò ní ìparí. Èyí tó burú jù ni ti aláboyún: bí obìnrin mẹ́wàá bá lóyún, méje á bàjẹ́. Méjì ti bàjẹ́ lára Ṣọlápé. Ìyá rẹ̀ Awẹ́ró ló di méjèèjì sínú aṣọ funfun, òun ló sì rìn gba ojú ihò lọ sin wọ́n.

Ìgbà náà ni Fẹ̀hìntọlá rọ abọ́ olóhùn. Ó kà á pé nígbà láéláé, lórí ilẹ̀ ayé, àwọn ará òkè yìnyín kan máa ń ra igi yí etí abọ́ idẹ ká títí tí abọ́ á fi máa kọrin, tí ara ẹni tó ń gbọ́ á sì rọ̀. Ó fi ọdún mẹ́rin ṣe ìṣirò. Ó rọ abọ́ méje láti inú irin òṣùpá fúnra rẹ̀, ó sì rọ àwo agogo kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn géètì. Ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́jú á dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n á to abọ́ yí i ká láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Dókítà á fi igi tí wọ́n fi awọ wé ra etí wọn. Ohùn náà á kọ́kọ́ dún bí oyin, lẹ́yìn náà bí àgbàlagbà tó ń kùn láìfẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá ti wọ eegun tán, ó kan àwo agogo. Góóóm. Ìró yẹn á lọ bá ìkùn ẹ̀rọ níbi tó sá pamọ́ sí nínú mùdùnmúdùn, á tẹ̀ ẹ́ rì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọwọ́ ò gbọ̀n mọ́. Oṣù mẹ́ta, tọkọtaya ò jà mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, oyún ń dúró. Ìlú fẹ́ gbé Fẹ̀hìntọlá jó, ó ní kí wọ́n má ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ kì í dùbúlẹ̀ sí àárín abọ́. Orí pátákó onírọ́bà ló ń dúró sí, ó ń fi rọ́bà dí etí, ó sì ń fi ọ̀já so igi agogo mọ́ ọrùn ọwọ́. Àwọn èèyàn rò pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn.

Awẹ́ró fúnra rẹ̀ ló fa Ṣọlápé lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ọmọ ń fà sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ibi tí à ń lọ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń gba ẹ̀rù lọ́wọ́ èèyàn. Gbé ẹsẹ̀, jàre."

Ìyá àti ọmọ jọ dùbúlẹ̀ lójoojúmọ́. Oyún dúró, ó pé oṣù mẹ́sàn-án, a sì bí ọmọbìnrin tí kò ké.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n gbé ọmọ dé gbàgede ìpàdé kí wọ́n lè sọ ọ́ lórúkọ. Baálẹ̀ Òjélàbí, tó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, fi oyin kàn án lẹ́nu. Ọmọ lá a. Ó fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu. Ọmọ lá a. Ó wá mú atare tí wọ́n gbìn sí ilé ọ̀gbìn, ó fi èyí tó ti jẹ lẹ́nu kàn án lórí ahọ́n. Ọmọ tó bá tọ́ atare wò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, igbe á ta, àwọn ìyá á sì rẹ́rìn-ín. Omijé jáde lójú ọmọ yìí, nítorí atare kò mọ àlejò. Àmọ́ ojú náà kò yí padà. Ó jẹ́ kí omijé máa ṣàn, ó ń wo Baálẹ̀.

Gbàgede hó yèè.

"Ẹ wo ọmọ àgbà!"

"Ó tutù bí omi inú àmù!"

"Inú oyún ló ti kọ́ sùúrù wá!"

Baálẹ̀ Òjélàbí gbé e sókè. "Ìwàpẹ̀lẹ́ lorúkọ rẹ̀," ó wí. "Láti ìgbà tí àwọn baba wa ti wà lórí ilẹ̀ ni a ti ń wá irú ọmọ báyìí, ọmọ tí kò gbóná, ọmọ tí kò ní fi ohùn rẹ̀ da ilé rú. Wọ́n ti ń dé."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Ẹ̀yà mìíràn ì bá gbé ọmọ náà dìgbàdìgbà lọ fún ìtọ́jú. Àwọn wọ̀nyí gbé e jó. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wọn pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni ọmọ gidi, nítorí náà nígbà tí àrùn wọ aṣọ ìwà wọlé, ìjókòó ni wọ́n fún un.

Láti ọjọ́ yẹn ni Awẹ́ró ò ti dùbúlẹ̀ sí àárín abọ́ mọ́. Kò kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Ìwẹ̀ ọmọ àti ìtọ́jú ìyá ọlọ́mọ ni kò fún un láàyè. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pẹ̀lú ìgbọ̀n náà ni nǹkan mìíràn padà, ohun tó ti gbàgbé pé òun ní rí. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo ọmọ, ẹ̀rù bà á.

Ètè ọmọ ti gbẹ. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ń wo òrùlé.

"Ṣọlápé! Nígbà wo lo fún ọmọ yìí lọ́mú kẹ́yìn?"

Ṣọlápé ronú, láìkánjú. "Àná? Kò béèrè, Màmá."

"Kò béèrè! Ṣé ó fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ ni?"

Ó lọ gba aago, ó ní kó máa dún ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Aago dún gooro. Ṣọlápé gbọ́ ọ, ẹ̀rín bọ́ sí ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ rọ̀, ó sì sùn lọ. Gbogbo ohun tó bá ti dún bí irin, ara àwọn tó ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ agogo ti mọ̀ ọ́n sí ìsinmi. Awẹ́ró tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ rẹ̀ sùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ìyá Ṣùwé ló mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Ìyá Ṣùwé kò dé ibi abọ́ rí. "Èmi ò ní nà gbalaja bí ẹja yíyan kí ẹnì kan máa lu irin lé mi lórí," ló máa ń wí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìdajì tíì rẹ̀ máa ń wà nínú àwo. Lọ́jọ́ náà kò bá àwàdà wá. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà Awẹ́ró, ó ń gbá àyà rẹ̀.

"Sàbítíù ti lọ."

"Sàbítíù wo? Ọmọ ọmọ rẹ?"

"Ọmọ ogójì ọjọ́. Aṣọ ló bò ó nímú. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ìtòsí bí ibi tí o wà yẹn, ó ń di irun. Ọmọ ò mira, kò ké. Mo ní kí ló ṣe ọmọ yìí? Ó ní, 'Ìyá, ó ti lọ sinmi.' Awẹ́ró, ojú ẹ̀ dán! Ojú ìyá tó ṣòfò, ó dán bí ojú ìyàwó!"

Awẹ́ró dìde. Ó fi ọ̀já gbé Ìwàpẹ̀lẹ́ pọ̀n, ó fa Ṣọlápé lọ́wọ́, ó kọrí sí gbàgede. Ìyá Ṣùwé tẹ̀ lé e.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àgbà márùn-ún lórí ẹní, Dókítà Fẹ̀hìntọlá níwájú wọn pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò. Òrùlé gbàgede náà ga tó ilé alájà mẹ́ta, àwọn àtùpà funfun so mọ́ ọn.

"Ìyá Awẹ́ró, ẹ káàbọ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ jókòó, kí ara yín balẹ̀."

"Ara mi ò ní balẹ̀ lónìí, Baálẹ̀. Ọmọ kan kú ní àárọ̀ yìí nítorí pé kò mọ igbe í ké. Tèmi náà ń gbẹ lọ. Ọmọ tí kò ké, ta ni yóò mọ̀ pé ebi ń pa á? Ta ni yóò mọ̀ pé ó ń jóná? Ẹ ní kí obìnrin yìí dá agogo rẹ̀ dúró."

Fẹ̀hìntọlá kò gbé ojú sókè. "Màmá, ṣáájú agogo, oyún méjì lẹ sin. Ọmọ tó wà lẹ́yìn yín yẹn, agogo ló mú un dúró."

"Mo mọ̀! Èmi ni mo fà á lọ! Ṣé o rò pé mi ò mọ̀?"

"Kò sí ohun tó ṣe àwọn ọmọ náà. Wọ́n kàn…"

"Kò sí ohun tó ṣe wọ́n? Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Ó tú ọ̀já. Gbogbo ìyá Yorùbá ló mọ bí wọ́n ṣe ń ju ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀: a nà á lápá, a nà án lẹ́sẹ̀, a jù ú sókè díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àyà rẹ̀ lè le. Ọmọ á já, á di atẹ́gùn mú, á sì figbe ta. Nínú Ìlú Ihò-Òṣùpá, òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jù ú ju ìka ọwọ́ kan lọ, nítorí bí ohun gbogbo ṣe fúyẹ́.

Awẹ́ró fi gbogbo agbára apá rẹ̀ ju Ìwàpẹ̀lẹ́ sókè.

Ọmọ lọ. Ó kọjá orí àwọn àgbà. Ó kọjá àwọn àtùpà ìsàlẹ̀. Ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń kéré sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé kí ó tó dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní àkọ́kọ́. Bí ó ti wù kó fúyẹ́ tó, ilẹ̀ òkúta ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni Awẹ́ró wà, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ọwọ́ náà ń gbọ̀n lórí ara wọn bí ewé.

Ó ń tẹ́tí. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé ni kí ọmọ yẹn ké, ẹyọ kan péré.

Baálẹ̀ Òjélàbí gbé orí sókè. "Ó ga o," ó wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa àjà ilé. Àwọn àgbà yòókù ń wò. Ṣọlápé ń wò, ẹ̀rín díẹ̀ wà létí ẹnu rẹ̀.

"Yéè! Ẹ mú un! Màmá, ẹ mú un o!"

Igbe náà gba gbogbo gbàgede. Dókítà Fẹ̀hìntọlá ló ké e. Ó fò láti ibi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú àpò fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, òun àti Awẹ́ró sì jọ gba ọmọ mú, ọwọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ mẹ́rin tó ń gbọ̀n. Ìwàpẹ̀lẹ́ wà láàárín wọn, tí ìgbọ̀n wọn ń gbọ̀n ọ́n. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Kò ké.

Awẹ́ró wo ọwọ́ Dókítà.

"O ṣì lè ké."

Fẹ̀hìntọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹni tó ń lu agogo kò lè dùbúlẹ̀, Màmá. Ó gbọ́dọ̀ ku ẹnì kan nínú ìlú tí yóò máa bẹ̀rù."

"Nígbà náà, kí lo rí?"

"Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a ti bí láti ìgbà tí oyún ti ń dúró. Mo ti fi dígí wo gbogbo wọn. Ibi tó yẹ kí ìjayà hù sí nínú ọpọlọ, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ojú àwo. Ti àgbà, ó kàn ń sùn ni. Bí àgbà bá kúrò lábẹ́ agogo fún ogójì ọjọ́, á jí, bó ṣe jí lára yín. Ti ọmọ, inú oyún ni ìró ti bá a, kò hù rárá. Ohun tí kò hù, kí la fẹ́ jí?"

"Dá a dúró, kí ó má bàa kan àwọn tó ń bọ̀."

"Obìnrin mẹ́tàdínlógún ló lóyún báyìí. Bí mo bá dá a dúró lónìí, ẹ̀yin lẹ máa di oyún wọ̀nyẹn sínú aṣọ."

"Kí àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú ṣíwọ́, ó kéré tán. Kí ẹ̀rù wọn padà."

"Ìyàwó Gbàdàmọ́sí ṣíwọ́. Gbọ̀ngbọ̀n padà, omi ọmú gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Kò sì sí wàrà mìíràn níbí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí wọ́n kó wọn lọ sí ilẹ̀ ayé!"

"Ọkọ̀ tó ń gbéra kúrò níbí á fọ́ egungun ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Màmá, kò sí ọ̀nà tí mi ò tíì rìn. Gbogbo wọn ló dí."

Ìyá Ṣùwé tú itọ́ sílẹ̀. "O mọ gbogbo èyí, o gbé e mì? Sàbítíù wà láàyè nígbà tí o ti mọ̀?"

"Mi ò gbé e mì, Ìyá. Oṣù kan sẹ́yìn ni mo ti sọ ọ́ níbí, níwájú ìgbìmọ̀."

Awẹ́ró yíjú sí Baálẹ̀.

"Òótọ́ ni," ni Baálẹ̀ Òjélàbí dáhùn. Ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ tó yó. "Ó sọ ọ́ fún wa. A gbọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni."

"Ẹ gbọ́, ẹ sì dákẹ́?"

"A ò dákẹ́, Ìyá. A fara balẹ̀ ni."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí èyí? Èèyàn lè bá ìkà jà, ó lè bá òmùgọ̀ jà, ó tilẹ̀ lè bá ọlọ́pàá jà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá. Ẹni tó gbọ́ ọ tán tó sì ń rẹ́rìn-ín sí ọ, ibo ni wàá ti dì í mú? Awẹ́ró yíjú sí ọmọ tó bí, bóyá òun á sọ̀rọ̀.

Ó rí i pé aṣọ Ṣọlápé tutù.

Níwájú àyà, lọ́tùn-ún lósì, omi ọmú ti gba aṣọ kọjá, ó ń kán sílẹ̀. Ṣọlápé pàápàá ń wò ó, ó yà á lẹ́nu díẹ̀.

"Ìgbà wo ni èyí bẹ̀rẹ̀?" ni Awẹ́ró bi í.

"Nígbà tí Dókítà ké," ni Ṣọlápé wí.

Ọkàn rẹ̀ kò gbọ́ igbe náà, ọmú rẹ̀ gbọ́ ọ. Ohun tí agogo ò lè dé ṣì kù síbì kan nínú ẹran ara. Awẹ́ró gbé Ìwàpẹ̀lẹ́ lé e láyà, ọmọ sì mu.

Bí ìyẹn ṣe di iṣẹ́ àwọn arúgbó nìyẹn. Obìnrin mẹ́rìnlá gbà láti kúrò lábẹ́ agogo, tàbí kí wọ́n má dé ibẹ̀ láéláé, kí ẹ̀rù lè máa bà wọ́n dípò ìlú. Wọ́n pín àwọn ọmọ mọ́ ara wọn. Ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, arúgbó á lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọlọ́mọ, á la ẹnu, á sì ké bí ọmọ tuntun. Awẹ́ró ló kọ́ wọn. Ó ti gbọ́ igbe ọmọ tó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ó mọ igbe ebi yàtọ̀ sí ti inú rírun.

"Ìyá Ṣùwé, ìyẹn kì í ṣe ọmọ. Ewúrẹ́ nìyẹn."

"Nígbà tí mo fẹ́ lọ ilé ọkọ, ẹkún ìyàwó mi pa ìlú lẹ́kún! Ta ló sọ fún mi pé ẹkún ọmọ jòjòló ni màá fi parí rẹ̀?"

"Ké e, jàre. Láti inú imú. Ùwáà! Ùwáà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹnu tí kò léyín mọ́ ń ké ùwáà. Lẹ́yìn oṣù kan, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀fun ń fọ́. Arúgbó méjì kú nínú àwọn mẹ́rìnlá náà, ọmọ mẹ́ta sì tẹ̀ lé wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà wọn ti dákẹ́. Ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò ṣépè, wọn kò yí gbiri nílẹ̀. Wọ́n palẹ̀ ẹní mọ́. Láàárín àkókò náà, mẹ́sàn-án nínú aláboyún mẹ́tàdínlógún ti bímọ. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò ké.

Dókítà Fẹ̀hìntọlá kò dá agogo dúró. Kò lè dá a dúró. Láàárọ̀, á so igi mọ́ ọrùn ọwọ́, á lu àwo fún àwọn aláboyún. Tó bá ṣe tán, á bọ́ rọ́bà etí, á wá jókòó ti àwọn arúgbó ní ẹnu ọ̀nà, á sì ké pẹ̀lú wọn. Ohùn rẹ̀ ló dára jù. Ìyá Ṣùwé ní kì í ṣe àfarawé, òótọ́ ni ìyẹn ń sunkún.

Nígbà tí Ìwàpẹ̀lẹ́ pé oṣù mẹ́fà, ó ti ń jókòó fúnra rẹ̀. Ó sanra díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Awẹ́ró jókòó síwájú rẹ̀, ó ké. Ohùn rẹ̀ ti di ohùn ilẹ̀kùn tí ìpáàrà ti mú. Ṣọlápé jáde wá, àyà rẹ̀ ti tutù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ, ó fún un lọ́mú, ó sì dá a padà sórí ẹní.

"Ẹ ṣé, Màmá," ó wí, ó wọlé lọ.

Awẹ́ró kò dákẹ́. Ọmọ ti yó, àmọ́ òun ń bá a lọ, nítorí pé ojú ọmọ wà lẹ́nu òun. Ọmọ ń wo ètè rẹ̀. Ọmọ ń wo omijé tó ń ṣàn gba ìhunjọ ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ kékeré, ó fọwọ́ kan ẹnu ìyá àgbà, níbi tí ohùn ti ń jáde.

"Ùwáà," ni Awẹ́ró wí, jẹ́jẹ́. "Sọ ọ́. Ùwáà."

Ìwàpẹ̀lẹ́ la ẹnu.

Ó là á gbàgà, títí tí Awẹ́ró fi rí èrìgì rẹ̀, títí tó fi rí ẹ̀yìn ọ̀fun rẹ̀ pupa. Awẹ́ró di èémí mú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, kò gbọ̀n.

Yíyán ni. Oorun ló ń kun ọmọ. Ó pa ẹnu dé, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì sùn.

Láti òkè ìlú, agogo dún. Góóóm. Awẹ́ró fi rọ́bà dí etí. Ó wo aago: ó ku wákàtí mẹ́ta kí ebi tó tún pa á. Ó bu omi mu láti fi tu ọ̀fun, ó sì jókòó, ó ń retí rẹ̀.